Orí Ọta Tó Há Sínú Ìbọn

Harlan Fork, Montana
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá

Royce, àna mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Karin ọmọ mi, mo sì kí ilé tí ẹ ń gbé ní Idaho, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì fi ẹsẹ̀ kàn án. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kí yìnyín má dí yín mọ́lé, kí ẹ̀yìn tó máa ń dun Karin nígbà òtútù sì ti fi í sílẹ̀ lọ́dún yìí. Àwa níhìn-ín ń bẹ láàyè. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ. Ara Ardis, ìyá ìyàwó rẹ, le koko, ohùn rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ.

Ó lè jẹ́ pé o kò fẹ́ ka ìwé tó bá ti ọwọ́ mi wá. Bí o bá ń wá ibi tí o máa jù ú sí, jọ̀wọ́ ka gbólóhùn kan yìí ná: ilé ọta, ihò tí ọta ń jókòó sí, tí o gbẹ́ sínú ìbọn mi kò ní àbùkù kankan, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba ọdẹ ara mi jẹ́, mo sì parọ́ mọ́ ọ. Ìyókù lẹ́tà yìí kò ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ. Bí o bá kà á, tí ẹ̀rín bá gbọ̀n ọ́, rín in. Gbogbo ìlú ti rín tiwọn.

O mọ̀ pé ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń fi orúkọ sílẹ̀ nínú kèké tí ìjọba ń ṣẹ́ fún ìwé àṣẹ àtipa akọ ẹ́lìkì kan ṣoṣo, àgbọ̀nrín ńlá oníwo, lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Ọdọọdún ni wọ́n ń dá mi lóhùn pé kò bọ́ sí i. Àwọn tí mo kọ́ ní kẹ́mísírì ti rí tiwọn gbà, wọ́n ti pa á, wọ́n ti jẹ ẹ́, orí rẹ̀ ti wà lára ògiri wọn. Nígbà tó wá kàn mí lọ́dún tó kọjá, mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, mo bú sẹ́kún. Orville Stenerud ọ̀rẹ́ mi ló ń kọjá, ó kan gíláàsì ọkọ̀, ó ní, "Leland, ta ló kú?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n fún mi ní ẹ́lìkì ni." Ó ní, "Ẹ́lìkì náà ló yẹ kó máa sunkún nígbà náà, kì í ṣe ìwọ."

Ìwọ lo ní kí n má gbé ògbólógbòó ìbọn bàbá mi lọ síbi irú ẹran bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni o fi ṣe tuntun fún mi, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ. O wọn apá mi, o wọn ọrùn mi, o tilẹ̀ ní kí n wọ kóòtù òtútù nínú oòrùn oṣù Karùn-ún kí o tó gé ìdí igi rẹ̀. Nígbà tí o gbé e lé mi lọ́wọ́, ó bá èjìká mi mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ mi. O fún mi ní ogún ọta tí o fi ọwọ́ ara rẹ kì, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí o kọ gígùn ọta sí. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gùn ju báyìí lọ. Ìbọn ọdẹ ni, kì í ṣe ìbọn ìdíje. Ẹran lẹ fẹ́ fi pa, kì í ṣe bébà." Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni pé mo gbọ́. N kò kàn gbà ni.

Ọta rẹ ń kó ihò mẹ́ta jọ sí àyè tí èékánná àtàǹpàkò lè bò, ní ọgọ́rùn-ún yáàdì. Ọdẹ tí orí rẹ̀ pé ì bá dúpẹ́, ì bá gbé ìbọn náà kọ́, ì bá lọ sùn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn nǹkan níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, láti ìgbà tí mo sì ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ń wá ohun tó máa wọ̀n. Mo wo ihò mẹ́ta yẹn, mo rí i pé ẹ̀kẹta yà díẹ̀ kúrò lára àwọn méjì yòókù. Ó ń bí mi nínú bí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní àfi kí n máa kì ọta fúnra mi, kí n lè mú un wọlé.

Bí mo ṣe gba yàrá ìfọṣọ lọ́wọ́ ìyá ìyàwó rẹ nìyẹn. Mo gbé òṣùwọ̀n lé orí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo kan tábìlì mọ́ ògiri, mo to ìgò ẹ̀tù síbi tí ọṣẹ ń gbé tẹ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n náà mọ ìwúwo hóró ẹ̀tù kan ṣoṣo, nítorí náà ó tún ń mọ̀ bí ènìyàn bá mí sí i. Nínú ooru oṣù Keje, mo pa gbogbo fáànù ilé. Ardis dúró lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó, ó ní, "Bàbá Karin, ṣé kí n máa mí, àbí kí n dá a dúró?" Mo ní, "Dá a dúró díẹ̀." Royce, mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, n kò sì gbójú sókè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fúnra mi din ẹyin.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. O mọ èèpo àsálà lílọ̀ tí a fi ń bọ́ ìdọ̀tí lára èèpo ọta, idẹ tí ẹ̀tù ń wà nínú rẹ̀, kí ó lè dán. Mo da tuntun sínú ìgò kan, mo gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná, mo ní mo máa padà wá gbé e. Ardis rò pé àsálà jíjẹ ni, ó dà á sínú kéèkì àwọn obìnrin ìjọ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán nítorí ojú. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ ní òun kò jẹ kéèkì tó le báyìí rí láti ìgbà ogun. Títí di òní, bí Ardis bá gbé nǹkan wọ gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣíbí kàn án wò.

Nígbà tó yá, mo rí àṣírí náà, tàbí mo rò pé mo rí i. Bí mo bá jẹ́ kí orí ọta yọ síta díẹ̀ sí i lẹ́nu èèpo, kí ó fẹnu kan ìlà tí wọ́n gbẹ́ yí inú ọ̀pá ìbọn ká kí n tó yìn ín, àwọn ihò náà á súnmọ́ra. Mo fà á síta ní ìwọ̀n irun kan, wọ́n súnmọ́ra. Mo fi irun kejì kún un, wọ́n fẹnu kora. Mo tún wá dẹ ọrùn èèpo náà, kó má di orí ọta mú le jù, nítorí mo kà á níbì kan pé bẹ́ẹ̀ ló dára. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ọta mẹ́ta gba inú ihò kan ṣoṣo kọjá. Mo gé bébà náà, mo fi í sínú férémù, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó yín. Ardis wò ó títí. Ó ní, "Ihò lẹ gbé kọ́?" Mo ní, "Ihò kan ṣoṣo ni, ọta mẹ́ta ló lu ú." Ó ní, "Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ yìn, ṣé kò ní jẹ́ ihò kan náà ni?"

Mo bínú jáde.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, nítorí ọta náà ti gùn débi pé kò wọ inú àpótí ọta ìbọn mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ní láti máa fi ọwọ́ tì wọ́n wọlé. Dípò kí n bi ara mi léèrè, mo sọ fún Orville pé, "Ọdẹ gidi, ọta kan péré ló nílò." Ìwé pélébé tí o kọ fún mi ńkọ́? Ẹsẹ̀ tábìlì mi kan kúrú. Mo ká ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo fi tì í lẹ́sẹ̀. Dárí ìyẹn náà jì mí.

Ìwọ tí o jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Gbogbo ọta tí mo tì sínú ìbọn ní pápá ìyìnbọn ni mo ń yìn tán. Láti oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ ọdẹ, n kò fa ẹyọ kan jáde láìyìn ín rí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Orville àti èmi fi gun òkè náà láìrí ju ìdí abo ẹ́lìkì lọ. Ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà ọdẹ, ní ọjọ́ Àìkú, a tún lọ. Orville kò gbé ìbọn; ìbaaka rẹ̀ tó ń pè ní Bíṣọ́ọ̀bù ló fà lọ́wọ́, kó lè bá wa ru ẹran sọ̀kalẹ̀. Kí a tó kúrò nídìí ọkọ̀, mo dín ẹrù mi kù nítorí òkè. Mo ti gé ọwọ́ ṣíbí mi sí méjì nílé kó lè fúyẹ́. Mo tún yọ ọ̀pá tí a fi ń nu inú ìbọn, mo fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Orville wo ṣíbí náà, ó wo ikùn mi, ó ní, "Kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí o ti gé e."

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí a rí akọ ẹ́lìkì kan. Royce, n kò bù mọ́ ọn. Ẹ̀ka méje ló wà lára ìwo ọ̀tún, méje ló wà lára ìwo òsì, ó sì dúró sí pápá òdìkejì bí ẹni tó ń dúró de ayàwòrán. Ó tó ẹgbẹ̀ta yáàdì sí wa. Mo dùbúlẹ̀, mo ti ọta kan sínú ìbọn, mo gbé ojú sí awò orí ìbọn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń yí padà, mo sì sọ fún Orville pé ká súnmọ́ ọn sí i. Ohun ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ṣe lọ́dún náà nìyẹn, òun ló sì tú mi fó. Ọgbà wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà láàárín àwa àti ẹran náà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ gbogbo ọdẹ tuntun ìlú yìí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun ọgbà kọjá pẹ̀lú ọta nínú ìbọn. Ìwọ náà jókòó ní kíláàsì yẹn, mo sì mú ọ tún un kà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé o ń wo Karin. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rú òfin ara mi? Mo dúró létí wáyà, mo fa irin ìdí ìbọn sẹ́yìn kí n yọ ọta náà. Èèpo rẹ̀ jáde. Orí rẹ̀ kò jáde. Ó ti há sáàárín àwọn ìlà inú ọ̀pá ìbọn, níbi tí mo fi gbogbo ìgbà ẹ̀rùn tì í dé, ó jókòó síbẹ̀ bí ọba. Ẹ̀tù tí mo kà ní hóró kọ̀ọ̀kan tú jáde bí ọkà tí àpò rẹ̀ ya, ó dà sínú ìbọn, ó dà síbi tí a ń fi ìka fà, ó dà sínú bàtà mi.

Orville ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní, "Leland, kí ló ń dà yẹn?" Mo ní ẹ̀tù ni. "Orí ọta wá ńkọ́?" Mo ní ó wà nínú ìbọn. "Èèpo ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní òun rèé lọ́wọ́ mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó yé mi. O ti yìnbọn láìyìnbọn." Ó ní kí n yára mú ọ̀pá ìnubọn jáde kí a fi tì í. Mo ní ó wà nínú ọkọ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ wà níbo?" Mo ní òun náà ṣáà mọ̀ pé máìlì mẹ́rin ni. Ó yíjú sí ìbaaka rẹ̀, ó ní, "Bíṣọ́ọ̀bù, fọkàn balẹ̀, ẹrù tòní ò ní pa ẹ́."

Mo gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, mo kì í bọ ẹnu ìbọn. Ó ṣẹ́ síbẹ̀. Ó wá di nǹkan méjì tó há. Bóyá ẹ̀rín tí Orville ń gbìyànjú láti pa mọ́ra ni ẹran náà gbọ́, bóyá Bíṣọ́ọ̀bù ló sì wù ú wò, n kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó dé ọgọ́rùn-ún yáàdì. Ó dé ọgọ́ta. Ìbọn bàbá mi tí mo fi sílẹ̀ nílé, ọmọdé lè fi pa á níbẹ̀. Ó wò wá, ó dùbúlẹ̀ sórí yìnyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àpọ̀jẹ. Orville náà gbé búrẹ́dì rẹ̀ jáde, ó ń jẹ tiẹ̀. Ọdún méjìdínlógún, Royce, òun àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń jẹun níwájú mi.

Mo sáré lọ sídìí ọkọ̀, bí orúnkún mi ṣe lè sáré mọ. Mo ti orí ọta àti igi náà jáde, mo padà. Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Nígbà tí mo dé, Orville nìkan ló kù àti àmì ibi tí ẹran náà dùbúlẹ̀ sí. Ó ní, "Ó gbìyànjú fún ẹ o. Ó dúró títí. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó tún bojú wẹ̀yìn." A sọ̀kalẹ̀. Sáà ọdẹ parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Títí dé ibí yìí, òmùgọ̀ lásán ni mo jẹ́, òmùgọ̀ kì í sì í pa ẹlòmíràn lára púpọ̀. Ọjọ́ kejì ni mo di ènìyàn burúkú.

Mo wọ ilé oúnjẹ Verna láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Gbogbo àwọn ọdẹ ìlú wà níbẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ròyìn ẹ́lìkì yìí fún wọn, oṣù méjì ni mo sì ti ń fi ihò kan ṣoṣo yọ wọ́n lẹ́nu. Dwight Sorley, tó ní oko màlúù lẹ́bàá odò, gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹran ọ̀hún dà? Àbí ó gba inú ihò kan náà lọ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí dé eegun. Mo ní, "Ẹ bi Royce. Ilé ọta tó gbẹ́ há, kò tọ́." Kíá ni ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Dwight wo ilẹ̀. Orville, tó mọ òótọ́, gbójú lé kọfí rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kà á. Verna gbé páì wá fún mi, ó ní kí n má san nǹkan kan, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Ọmọ ilé ẹni ló ń já ni kulẹ̀ jù." Mo jẹ ẹ́. Èmi tí mo ń wọn ẹ̀tù ní hóró kọ̀ọ̀kan, n kò wọn ọ̀rọ̀ yẹn kí ó tó jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tó.

O mọ ìyókù ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Dwight wá gba ọ̀pá ìbọn rẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀lé e. Nínú oṣù Kìíní o wá sílé wa, o dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, o ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wo ìbọn náà. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣi í ṣe, mo fẹ́ mọ̀." Mo ní mo ti tì í mọ́ inú àpótí, n kò rí kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́rùn mi. Bí o bá wọn ọta mi kan péré, ìwọ ì bá ti mọ̀. O ní, "Ó dáa, sà," o kí Ardis, o lọ. Ní oṣù Kẹta o ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ, ẹ kó lọ. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo ọkọ̀ yín, n kò sì lè jáde.

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo ń jẹ ẹyin lọ́dọ̀ Verna nígbà tí Dwight wọlé. Ó ti gbé ọ̀pá ìbọn tó gbà lọ́wọ́ rẹ lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn kan lọ́nà jíjìn, kó lè bá òun tún iṣẹ́ tí o ṣe ṣe. Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ tún ṣe síbẹ̀, ó ní kí Dwight jọ̀ọ́ fún òun ní orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, nítorí òun fẹ́ kó ṣe ti òun. Dwight yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. Ó ní, "Ẹni tó mọṣẹ́ tó báyìí, báwo ló ṣe wá ṣi ti bàbá ìyàwó ẹ̀ ṣe?" Orville ní, "Tíṣà ni kí o bi." Mo fi ẹyin mi sílẹ̀ lórí àwo. Mo gbé fìlà mi, mo jáde.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ dé. Ardis tẹ́ àwo mẹ́rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Karin ti sọ fún un lórí fóònù pé ẹ kò ní wá. Ó gbé tòlótòló sáàárín, ó ní kí n gbàdúrà. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó jáde ni pé, "Royce kò ṣe nǹkan kan." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó dìde, ó gbé tòlótòló padà sínú ààrò, ó pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ó ní, "Bàbá Karin, mo mí díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀tù yín. Mo gbé aṣọ lọ fọ̀ níta. Mo di ẹni tó ń fi èèpo àsálà bọ́ ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹ lé ọmọ mi kúrò nílùú, ẹ sì jókòó tì mí fún odidi ọdún kan, ẹ ń jẹun. Ẹ lọ sọ ọ́ lójú gbogbo ayé kí n tó gbé ẹran yìí jáde."

Ọjọ́ kẹta ni àsè ẹran ìgbẹ́ tí ìjọ máa ń ṣe bí sáà ọdẹ bá ń parí. Gbọ̀ngàn kún. Mo dìde kí wọ́n tó pín oúnjẹ. Mo ti pinnu láti sọ gbólóhùn méjì kí n jókòó, àmọ́ pátákó ìkọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wà lẹ́yìn mi, ṣọ́ọ̀kì sì wà níbẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti ya ọta, mo ti ya ilé ọta, mo ń ṣàlàyé bí orí ọta ṣe ń fẹnu kan ìlà. Verna pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà! Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ dìde láti jẹ́wọ́, ẹ má kọ́ wa ní kẹ́mísírì, ebi ń pa wá!" Mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo ní, "Royce ṣe ìbọn náà dáadáa. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo parọ́ mọ́ ọn nítorí ojú ń tì mí, ó sì fi ìlú sílẹ̀ nítorí irọ́ mi."

Verna ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni pé páì ìbánikẹ́dùn tí mo ń fún un yín láti ọdún tó kọjá..." Kò parí rẹ̀. Dwight dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Èmi tí mo lọ gba nǹkan mi lọ́wọ́ ẹ̀ láìbi í ní ìbéèrè kan ńkọ́? Ẹnu Tíṣà ni mo gbà gbọ́, ojú ara mi ò sì rí nǹkan kan." Orville náà dìde, ó ní òun mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun sì dákẹ́ nítorí ọ̀rẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ òun náà síbẹ̀. Verna ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé oúnjẹ òun. Ó wà níbẹ̀ báyìí. Àlejò tó bá wọlé, ó ń kà á kí ó tó ka ohun tó fẹ́ jẹ.

Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ mi ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbogbo gígùn ọta tí mo kì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, nínú ìkọ̀wé tèmi. Oníbàárà tó bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ Harlan Fork, ṣí i fún un. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí díẹ̀, kò ní ka ojú ìwé kan tán kó tó mọ ẹni tó jẹ́ òmùgọ̀. N kò ní kí o padà wá. Bí iṣẹ́ tí o ń ṣe níbẹ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dúró síbẹ̀. Orúkọ rẹ ni mo fẹ́ dá padà fún ọ, nítorí òun ni mo jí.

Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kí ó má jẹ́ kí o dàgbà tán kí o tó gbọ́n bí ó ti rí fún mi. Kí ilé yín tòrò, kí Karin rí ọ gẹ́gẹ́ bí ọkọ tó ṣeé fi yangàn, torí bẹ́ẹ̀ lo ṣe jẹ́. Ibi tí èmi ti kùnà sí ọ gẹ́gẹ́ bíi bàbá, kí Òun fúnra rẹ̀ dí i.

Èmi ni bàbá ìyàwó rẹ, tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì ń tọrọ àforíjì,
Leland Haugen

Àfikún: Mo fún Ardis ní lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó kà á dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ irọ́ náà, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹ sọ ọ́ lọ́dọ̀ Verna, ẹ sọ ọ́ nílé epo, ẹ sì sọ ọ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Mo dúró tì yín ní méjì nínú ẹ̀." Òótọ́ ló sọ. N kò pa ohun tí mo kọ sókè rẹ́, kí o lè rí i pé mo ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń sọ òtítọ́. Mo gbé fìlà, mo tún jáde. Ọkùnrin ilé epo gbọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní òun á sọ fún àwọn tí òun sọ ọ́ fún. Ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní òun kò tilẹ̀ rántí pé mo sọ nǹkan kan nípa rẹ rí. Ọ̀nà mìíràn kò sí: mo ní kó jókòó, mo tún irọ́ náà pa fún un látòkèdélẹ̀, kí n lè rí ọ̀rọ̀ tí mo máa kó jẹ níwájú rẹ̀.